Honorine Ẹlẹ́wìrì

Ọjọ́ tí Honorine Tassel kọ́kọ́ pàdé Aubin Lescarret, kò rí ojú rẹ̀, Aubin náà kò sì rí tirẹ̀. Ògiri pákó ló wà láàárín wọn.

Iwájú ògiri ni Aubin jókòó sí, ó ń tẹ dùùrù ńlá tó wà lórí àjà ṣọ́ọ̀ṣì Vaubreuil. Ẹ̀yìn ògiri ni Honorine wà, nínú ihò tóóró kan tó kún fún eruku àti ìgbẹ́ àdán. Orí ẹwìrì tó ń fún dùùrù náà ní afẹ́fẹ́ ló gùn, ó ń tẹ̀ ẹ́ gìdìgìdì bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ.

Bàbá rẹ̀, Firmin, ló ni iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n Firmin jábọ́ lórí igi ápù lọ́sẹ̀ náà, orúnkún rẹ̀ wú bí akèrègbè. Honorine, tó jẹ́ alágbàfọ̀, tí itan rẹ̀ le bíi ti ẹṣin tí ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òun á lọ.

"Ṣebí ká ṣáà máa tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni?" ló wí. "Kí ló wà níbẹ̀?"

Ohun tó wà níbẹ̀ kò pẹ́ kó tó hàn sí i. Dùùrù ńlá kì í yó. Bí o ṣe ń fún un lẹ́mìí ló ń gbé e mì, tí yóò tún la ẹnu sílẹ̀. Nígbà tí Fadá Gaudry gbé ara Olúwa sókè níwájú pẹpẹ, tí gbogbo ìjọ tẹrí ba, òógùn ṣàn wọ Honorine lójú. Ó dúró díẹ̀ kó fi etí aṣọ nù ún. Ni dùùrù bá lọgun bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́dàá, ó sì dákẹ́ fin-ín.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" Ohùn ọkùnrin kan ló jáde láti iwájú ògiri.

"Èmi ni."

"Ta ni èmi?"

"Ọmọ Firmin ni, ọ̀gá. Ẹ má bínú, òógùn ni mò ń nù."

"Ọmọ Firmin, jọ̀ọ́ tẹ nǹkan yẹn. Àbí o fẹ́ kí Fadá na ọwọ́ sókè títí di ọjọ́ àjíǹde?"

Ẹ̀rín pa Honorine. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín ọmọ jẹ́jẹ́, ìsàlẹ̀ ikùn ló ti ń wá, ó sì máa ń mi gbogbo ohun tó bá wà lójú ọ̀nà. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ló ń tẹ ẹwìrì, ni afẹ́fẹ́ bá ń fò wọ inú àwọn fèrè dùùrù, ni dùùrù náà bá bẹ̀rẹ̀: hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ rò pé àrà tuntun ni ọ̀gá onídùùrù kó bọ̀ láti Paris. Àwọn ìyá àgbà kan tilẹ̀ sunkún, wọ́n ní ó wọ àwọn lára.

Nígbà tí Mísà parí, Aubin fi ìka tọ ògiri títí ó fi dé ẹnu ihò náà. Ọkùnrin gígùn tín-ín-rín ni, ó wọ aṣọ dúdú, ó fi awò dúdú bojú, irun rẹ̀ sì rí bíi pé ológbò ló yà á fún un.

"Gbé ọwọ́ rẹ wá," ló wí. Honorine gbé e fún un. Ó dì í mú, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ọṣẹ ni."

"Alágbàfọ̀ ni mí, ọ̀gá."

"Ìwọ ni kí o máa wá. Bàbá rẹ kì í rẹ́rìn-ín, sísùn ló máa ń sùn."

Bẹ́ẹ̀ ni Honorine ṣe di ẹlẹ́wìrì.

Gbogbo Vaubreuil ló mọ ìtàn Aubin. Àìsàn ló gba ojú rẹ̀ nígbà tí kò tíì lè rìn dáadáa. Wọ́n mú un lọ sí ilé-ìwé àwọn afọ́jú ní Paris, ibẹ̀ ló ti kọ́ dùùrù títí ó fi mọ̀ ọ́n ju àwọn tó lójú lọ. Nígbà tó padà wálé, ó di onídùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní orin, ó sì ń kọ́ ọmọbìnrin àwọn olówó ní píánò, àwọn tí ìka wọn le bíi karọ́ọ̀tì. Clotilde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló máa ń mú un lọ́wọ́ káàkiri ìlú. Clotilde kò lọ́kọ. Àbúrò rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ni ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tí Aubin bá fẹ́ kọ́ orin tuntun, Clotilde kò lè fara da òtútù àjà dùùrù. Honorine nìkan ló máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwé orin Aubin kò ní yíǹkì kankan. Ìwé líle ni, ara rẹ̀ yọ kókó kókó bí awọ adìẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tu níyẹ̀ẹ́. Yóò gbé e lé itan, yóò fi ọwọ́ òsì kà á, yóò sì fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ohun tó kà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀tún á wá kàwé, tí òsì á máa tẹ dùùrù. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa tó kan ẹsẹ̀, nítorí dùùrù ńlá ní pákó tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ nísàlẹ̀. Nítorí náà, orin kì í dé ọ̀dọ̀ Honorine lódindi. Apá ọ̀tún á kọ́kọ́ wọlé, apá òsì á tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ á dé gbẹ̀yìn, bí àlejò tó gé ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

"Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ máa so wọ́n pọ̀?" Honorine á kígbe láti ẹ̀yìn ògiri. "Ọkàn mi ò balẹ̀ o!"

"Sùúrù. Tí mo bá kánjú so ó, á já."

"Sùúrù yín pọ̀ jù. Ikú gan-an ló máa jókòó dè yín!"

Aubin á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bá sì wá so orin náà pọ̀ tán, tí ọ̀tún, òsì àti ẹsẹ̀ bá jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà, ara Honorine á bù máṣọ, omi á dúró sí i lójú. Yóò máa tẹ ẹwìrì lọ bíi pé inú òun gan-an ni orin dùùrù ti ń jáde. Òótọ́ sì ni. Èémí tirẹ̀ ló ń kọrin.

"Èémí mi," Aubin á wí nígbà tó bá parí, "ó tó. Sinmi."

Èémí mi! Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin pe obìnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ wá rí i bóyá obìnrin náà á tún lè fọ aṣọ kó mọ́. Honorine á lọ sí ibi ìfọṣọ, á fọ aṣọ ibùsùn kan tán, á tún gbé e padà sínú omi, á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kò lè jókòó jẹun. Kò lè dùbúlẹ̀ kó má yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé ó ń bínú sí i.

Zélie, ìyá rẹ̀, kò fọ́jú ní tirẹ̀. Ó rí i.

"Afọ́jú ni, Honorine!" ló pariwo níjọ́ kan tí wọ́n ń jẹun. "Ta ló máa la igi? Ta ló máa pọn omi? Tí ilé bá ń jó, imú ló máa fi mọ̀!"

"Bàbá mi lójú méjèèjì," Honorine dáhùn, "kò rí ẹ̀ka igi tó dúró lé."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ o," Firmin wí láti orí àga, ó gbé ife ọtí ápù sẹ́nu.

"Tó o bá sì fẹ́ ẹ, Clotilde lo fẹ́," Zélie kò dákẹ́. "Obìnrin yẹn á máa ka wàràkàṣì tó o bá jẹ. Ìwọ wo ara rẹ. Ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n! Philomène ti ń kó nǹkan jọ fún àkẹtẹ̀ rẹ."

Ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta á. Ọmọbìnrin tó bá pé ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n láìlọ́kọ, àkẹtẹ̀ ẹlẹ́yà ni wọ́n á dé e lọ́jọ́ Kátérínì Mímọ́, wọ́n á sì mú un lọ sí Mísà bẹ́ẹ̀. Philomène, ẹ̀gbọ́n ìyá Honorine, ló ń ṣe àkẹtẹ̀ fún gbogbo ìdílé, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi tí mò ń pìtàn yìí náà rántí èyí tí wọ́n dé mi lórí nígbà tèmi. Adìẹ sùn nínú rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Aubin dúró láàárín orin.

"Ẹsẹ̀ rẹ ń bínú lónìí. Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?"

Honorine kò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń pa mọ́. Ó sọ ti àkẹtẹ̀.

"Inú mi dùn pé ẹ̀yin nìkan ni kò ní rí i ní gbogbo Vaubreuil," ló fi parí ọ̀rọ̀.

Aubin fi ìka kan gbá ara dùùrù, kọ́-kọ́-kọ́.

"Bóyá kò ní pọn dandan kó o dé e," ló wí jẹ́jẹ́.

Honorine di ẹwìrì mú gírígírí, ó ń retí ìyókù ọ̀rọ̀. Ìyókù ọ̀rọ̀ kò wá. Orin ló padà bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún nìkan.

Ó retí rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kejì. Kò wá. Ó retí rẹ̀ títí ewé fi rẹ̀ tán lórí igi, títí òjò fi di òjò dídì. Ọkùnrin onísùúrù, ẹ gbà mí!

Ọjọ́ kan, Clotilde gbé ẹ̀wù Aubin wá síbi ìfọṣọ. Ó dúró lé Honorine lórí nígbà tí ìyẹn kúnlẹ̀ sétí omi, tó ń fi pákó lu aṣọ.

"O ò ní pẹ́ ní ìsinmi," ló wí. "Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ mànàmáná bọ̀ fún dùùrù. Ẹ̀rọ ló máa máa fún un ní afẹ́fẹ́. Kò sí pé à ń wá ẹlẹ́wìrì mọ́."

Pákó dúró lọ́wọ́ Honorine. "Ta ló ní kí wọ́n gbé e wá?"

"Aubin ni. Láti ìgbà ìkórè ápù ló ti ń bẹ Fadá."

"Ẹ̀gbọ́n, irọ́ lẹ ń pa."

"Bi í."

Honorine kò bi í. Ìgbà ìkórè ápù! Ìgbà yẹn gan-an ló ń pè é ní èémí rẹ̀! Àṣé ó ti ń wá èémí mìíràn lábẹ́lẹ̀, èyí tí kì í sín, tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í bi í léèrè ìgbà tó máa so orin pọ̀. Ó gbá ẹ̀wù Aubin ní pákó títí bọ́tìnnì méjì fi fò sínú omi.

Láti ọjọ́ yẹn, kò gun àjà dùùrù mọ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé, wọ́n fi í sínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìtòsí ibi ìfọṣọ gan-an, bíi pé wọ́n fẹ́ fi Honorine ṣe yẹ̀yẹ́. Aubin wá sílé wọn, ó kan ilẹ̀kùn. Bí Honorine ṣe gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lórí òkúta, ó gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn fò jáde, ó sì balẹ̀ sáàárín àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Aubin tún wá. Honorine tún fò. Ìyá ẹlẹ́dẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, ó ń sún fún un.

"Jẹ́ kó wọlé," Firmin bẹ̀ ẹ́.

"Kó lọ máa bá ẹ̀rọ rẹ̀ sọ̀rọ̀!"

Ó yani lẹ́nu pé Zélie gan-an ló mí kanlẹ̀. "Ọkùnrin náà jókòó síbí, ó mu omi," ló wí, "kò sọ nǹkan kan, àfi pé ó ní ọbẹ̀ mi ń ta sánsán. Bàbá rẹ kò sọ ọ́ rí."

Ọjọ́ Kátérínì Mímọ́ pé. Philomène dé pẹ̀lú àkẹtẹ̀. Ó fi ọ̀já aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ìyeyè yí i ká, ó gbin àlùbọ́sà eléwé gígùn mẹ́ta sórí rẹ̀ bí ìwo, ó so ṣíbí onígi mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán gbogbo rẹ̀ mọ́ irun Honorine kó má bàa ríbi bọ́ ọ.

"O lẹ́wà," Philomène wí.

"Ọbẹ̀ ni mo jọ, àǹtí mi."

Wọ́n tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọkùnrin ń súfèé, àwọn ọmọ ń fi àlùbọ́sà bú u. Honorine gbé orí sókè. Ṣùgbọ́n bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, dùùrù bú jáde nínú ilé. Ó kún, ó lágbára, kò mí hẹlẹ rárá. Dídára rẹ̀ ló pa á. Bó bá jẹ́ pé ó burú ni, ì bá wọlé kó fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó yí padà lójú gbogbo ẹbí, ó gba ọ̀nà ibi ìfọṣọ lọ.

Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ ju màmá Ursule lọ, arúgbó alágbàfọ̀ tí kì í lọ Mísà nítorí ó ní Ọlọ́run mọ ibi tí òun wà. Honorine kúnlẹ̀ tòun ti àkẹtẹ̀, ó fa aṣọ ẹni ẹlẹ́ni kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Dùùrù ń dún láti ojú fèrèsé. Ẹ̀rọ ń kùn lẹ́yìn ògiri bí oyin. Ẹsẹ̀ Honorine kò gbọ́ran sí i lẹ́nu: nínú bàtà pákó, lórí òkúta tútù, wọ́n ń tẹ, wọ́n ń tẹ, bíi pé ẹwìrì wà lábẹ́ wọn.

Ni dùùrù bá dákẹ́.

Kì í ṣe pé orin parí. Àárín ọ̀rọ̀ ló ti gé e, bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ bò lẹ́nu. Honorine gbé pákó sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó dúró. Kò sí nǹkan kan.

"Ẹ̀rọ wọn ti kú," màmá Ursule wí, inú rẹ̀ dùn. "Mo ti sọ fún wọn."

Honorine tẹ́tí. Ẹ̀rọ kò kú. Ó ṣì ń kùn lẹ́yìn ògiri, hùn-ùn-ùn-ùn, afẹ́fẹ́ wà rẹpẹtẹ. Ọwọ́ ni kò sí.

"Aubin!" Òtútù gba inú egungun rẹ̀ kọjá. "Màmá, ó ti kú! Aubin ti kú!"

Ó ju pákó nù, ó bọ́ bàtà, ó ká aṣọ sókè dé ibi tí kò yẹ kí aṣọ dé, ó sáré. Ó gba àárín ìjọ kọjá, àlùbọ́sà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń mì lórí rẹ̀. Fadá Gaudry yí padà níwájú pẹpẹ. Clotilde dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn àjà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ó ti kú, àbí?" Honorine bi í.

"Rárá. Ó ní kí n má gòkè." Clotilde di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó tún fi í sílẹ̀. "Ìdajì òótọ́ ni mo sọ fún ẹ létí omi. Ẹ̀rù ń bà mí. Lọ gbọ́ ìdajì tó kù lẹ́nu rẹ̀."

Honorine fò lé àtẹ̀gùn. Ó bá Aubin lórí ìjókòó dùùrù, ara rẹ̀ le koko, ó ká ọwọ́ lé itan. Ó ti sún sí ìpẹ̀kun kan, ìdajì ìjókòó ṣófo.

"Kí lẹ dákẹ́ fún?" Honorine fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú. "Ẹ pa mí! Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!"

"Mo ti kan ilẹ̀kùn," Aubin wí. "O bá àwọn ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Èmi kò lè lé ẹ, Honorine. Orin náà kò sì lè mú ẹ wá, o ti gbọ́ ọ jù. Mo rò ó pé ìdákẹ́jẹ́ ló kù."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá."

"Èmi ni."

"Láti ìgbà ìkórè!"

"Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan. Tí mo bá bi ẹ́ nígbà tó o wà lórí ẹwìrì, báwo lo ṣe máa dáhùn? O ò ní lè dúró. O ò ní lè mí. Èmi sì jókòó síwájú bí ọba, ìwọ ń làágùn lẹ́yìn ògiri, kí n wá nahùn sí ẹ pé, 'Ọmọ Firmin, fẹ́ mi'? Kì í ṣe ẹ̀yìn ògiri ni mo fẹ́ kí ìyàwó mi wà."

Honorine sún mọ́ ọn. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

"Mo fẹ́ so ó pọ̀ kí n tó jẹ́ kó o gbọ́ ọ. Ọ̀tún, òsì àti ẹsẹ̀." Ó mi orí. "Mo mọ̀ báyìí pé ìwà òmùgọ̀ ni."

Agogo Fadá dún láti ìsàlẹ̀, ó ń bínú.

Aubin na ọwọ́, ó ń wá ojú rẹ̀. Àkẹtẹ̀ ló kọ́kọ́ bá. Ó fọwọ́ kan ọ̀já, ó fọwọ́ kan ṣíbí. Ó fi ìka tọ àlùbọ́sà kan láti ìdí dé orí.

"Honorine, kí nìyí?"

"Ẹ má bi mí."

"Ṣé àlùbọ́sà ni?"

"Mẹ́ta ni. Wọ́n rán an mọ́ mi lórí."

Aubin gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. Kò ṣeé ṣe. Honorine náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìsàlẹ̀ ikùn yẹn, ó sì kún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì láìsí fèrè kankan. Ohùn Zélie ló ké láti ìsàlẹ̀:

"Honorine! Dá ọkùnrin náà lóhùn, àwa kan ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀!"

Honorine kàn jókòó sí ìdajì tó ṣófo, èjìká rẹ̀ kan ti Aubin. Aubin mí kanlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé dùùrù, ó sì mú orin náà láti ibi tó ti gé e.

Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí Honorine máa rí ọwọ́ rẹ̀ lórí dùùrù. Ó ń wò wọ́n, bí wọ́n ṣe ń rìn lọ bọ̀. Ẹsẹ̀ Honorine kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́. Lábẹ́ ìjókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtẹ̀ wọn, wọ́n ń tẹ, wọ́n ń tẹ, títí ọ̀kan fi bọ́ sórí pákó ẹsẹ̀ dùùrù, tí fèrè tó tóbi jù lọ sì bú ramúramù láàárín orin mímọ́ bíi màlúù tó ń rọbí.

"Ta nìyẹn?" Aubin wí, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

"Èmi ni."

"Ta ni èmi?"

"Ìyàwó rẹ ni, Aubin. Máa tẹ dùùrù rẹ lọ."